Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Àpáta

Orúnkún mi ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo.
Dókítà ní Ẹ̀gbẹ̀ ní kí n dín iyọ̀ kù,
kí n yé gun àtẹ̀gùn, kí n máa rìn pẹ̀lẹ́.
Kò dárúkọ kẹ̀kẹ́.
Ohun tí oníṣègùn ò kà léèwọ̀,
èmi kọ́ ni n óò bá a fi kún un.

Ẹ̀yìn àpò ẹ̀gẹ́ gbígbẹ ni mo ti rí i:
BMX pupa, eruku bò ó mọ́lẹ̀,
táyà méjèèjì rọ̀ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ arúgbó,
aláǹtakùn ti sọ sípóòkù di ilé.
Mofólúwaṣọ́ ló gùn ún kẹ́yìn,
kó tó ga jù ú lọ, kó tó lọ kàwé ní Lọ́kọ́ja,
kó tó máa pè mí lórí fóònù lálaalẹ́ pé,
"Màámi, ẹ sinmi."
Mo ti sinmi. Ìsinmi ti sú mi.

Ṣáájú SAP, nígbà tí owó ṣì lágbára díẹ̀,
bàbá wa gbé irú rẹ̀ wá láti Kàdúná
fún Ìpinmoróti, torí òun lọkùnrin.
Èmi, korobá ni wọ́n rà fún mi.
Ṣùgbọ́n Ìpinmoróti ń bẹ̀rù àpáta,
ẹ̀rù àpáta ò sì bà mí rí.
Mo fọ aṣọ iléèwé rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan,
mo gba kẹ̀kẹ́ fún ìrọ̀lẹ́ kan.
Ó rẹ́ mi jẹ. Mo mọ̀. N óò tún fọ̀ ọ́ lónìí.
Ìyá wa ní, ta ni yóò fẹ́ ọmọge
tí orúnkún rẹ̀ kún fún àpá?
Ẹnìkan fẹ́ ẹ. Àpá náà ló kọ́kọ́ fọwọ́ kàn.
Ọdún mẹ́rin rèé tí ọwọ́ náà ti wà lábẹ́ yẹ̀pẹ̀.

Onímísì fọkanáísà wo kẹ̀kẹ́, ó wò mí.
"Màmá, ọmọ wo ló ni ín?"
"Tèmi ni."
"Ọmọ yín, àbí kẹ̀kẹ́ yín?"
Mo ní kó fún un láfẹ́fẹ́ kó le.

Àárọ̀ Sátidé, kí oòrùn tó yọ lẹ́yìn òkè Ògìdì,
mo wọ ṣòkòtò olóògbé, mo fi okùn so ó níbàdí,
mo ti kẹ̀kẹ́ gun àpáta tí wọ́n ń sá láfún sí.
Ìjókòó rẹ̀ kúrú. Orúnkún mi fẹ́ẹ̀ gbá mi lágbọ̀n.
Bíréèkì ẹ̀yìn nìkan ló gbọ́ tèmi.
Mo dúró. Ọmọ ọdún méjìlá kì í dúró.
Ẹni àádọ́ta ọdún mọ iye tí teguntegun ń gbà.

Mo gbẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Fììì!
Àpáta ò tíì gbàgbé mi.
Ibi tó wú ṣì wú; ibi tó jìn,
ikùn mi já wálẹ̀ níbẹ̀ bíi tàná.
Afẹ́fẹ́ kún ẹnu mi, gèlè ṣí lórí,
omijé ń sá lọ sétí dípò ẹ̀rẹ̀kẹ́.
Mo kígbe. Kì í ṣe Jésù ni mo pè,
kí Pásítọ̀ má bínú; ẹ̀rín lásán ni.

Níbi tí àpáta ti yọ gọngọ bí iwájú orí,
mo fẹ́ gbé táyà iwájú sókè bíi ti ọjọ́un.
Táyà gbà. Ìbàdí kọ̀.
Koríko ló gbà mí.

Mo dùbúlẹ̀, mo ka ara mi: ọwọ́ pé, eyín pé.
Ẹ̀jẹ̀ ń rọra yọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpá àtijọ́
bí ẹni wá kí ìbátan.

"Okun o." Ìyá Olúbọ̀dé ni,
ọpọ́n láfún lórí.
Okun: ohun náà gan-an tí mo nílò láti dìde.
Ó wo kẹ̀kẹ́ tí táyà rẹ̀ ṣì ń yí.
"Ṣé ó lè gbé ẹni méjì?"
"Kò ní káríà."
"Irú kẹ̀kẹ́ wo wá nìyẹn?" Ó pòṣé,
ó gun àpáta lọ, ó ń da láfún rẹ̀, ó ń tẹ́ ẹ,
funfun lápá ọ̀tún, funfun lápá òsì.
Ó fi ojú ọ̀nà kan sílẹ̀ láàárín,
tóóró, láti òkè dé ìsàlẹ̀,
kò ju táyà kan lọ.